Àṣírù Onídèérí àti Ijó Tí Kì Í Parí

Ọjọ́ tí Àṣírù dá lọ́rì dúró ní Amùkòkò, bẹ́ẹ̀dì ìyàwó tuntun ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Ovie ló wà á, ará Wàrí tó máa ń kẹ́rù ní wọ́ọ̀fù Àpápá. Ó kù díẹ̀ kó wọ inú ọgbà ló rí ọkùnrin kan tó lóṣòó sójú ọ̀nà. Gbogbo sìmẹ́ńtì iwájú ilé ni ọkùnrin náà ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí, níbùú lóòró, ó wá ń to ìdérí ìgò mínírà sínú àwọn àyè kéékèèké tí ìlà náà pín.

Ovie fọn fèrè. "Bàbá, àbẹ́gì, ẹ kó nǹkan yín kúrò lọ́nà!"

"Ní sùúrù, iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́."

"Ìgbà wo ló máa parí?"

Àṣírù gbójú sókè. Ó rò ó dáadáa, nítorí kì í purọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìdérí. "Kì í parí," ó ní.

Ovie fò bọ́ sílẹ̀, ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ gbá gbogbo ẹ̀ dànù. Àṣírù kò tiẹ̀ dìde. Ó yọ ìdérí kan níhìn-ín, ó fi òmíràn sọ́hùn-ún. Ovie gbé ẹsẹ̀ sókè, àmọ́ kò gbá a. "Kí ló dé tẹ́ ẹ yọ ìyẹn?"

"Ó ti kú."

"Ìdérí ìgò? Kí ló pa á?"

"Ìdánìkanwà." Àṣírù wá fi ìka júwe. "Yàrá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn yìí. Yàrá tí ìdérí bá wà nínú ẹ̀, èèyàn ń gbé ibẹ̀. Tí aládùúgbò tó yí i ká, títí dé ti igun, bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ó máa yè. Tí wọn ò bá tó bẹ́ẹ̀, àárò á pa á. Tí wọ́n bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ooru á pa á."

"Bíi Ajégúnlẹ̀."

"Bíi Ajégúnlẹ̀ gan-an. Yàrá tó bá wá ṣófo, tí aládùúgbò mẹ́ta gééré yí i ká, wọ́n á bímọ síbẹ̀."

"Mẹ́ta kẹ̀? Ṣé méjì kọ́ ló ń bímọ?"

"Ìyá ọkọ ni ìkẹta."

Ó to ìdérí mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn lóòró láti fi hàn án. Ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ ní aládùúgbò kan ṣoṣo, wọ́n kú. Yàrá ọ̀tún àti yàrá òsì ti àárín rí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n bímọ sínú wọn. Kí Ovie tó ṣẹ́jú, àwọn mẹ́ta tó dúró ti dùbúlẹ̀. Àṣírù tún un ṣe, wọ́n dìde. Ó tún un ṣe, wọ́n dùbúlẹ̀. Ovie jókòó sórí táyà ọkọ̀ ẹ̀. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ọkọ ìyàwó fúnra ẹ̀ wá bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ jáde. Ovie ló ké mọ́ ọn: "Dúró síbẹ̀ jàre! Jẹ́ kó dìde ná!"

Awakọ̀ kireni ni Àṣírù ní wọ́ọ̀fù. Ọdún 1975 tí ọkọ̀ sìmẹ́ńtì kún orí omi dé ibi tí ojú ò lè tó, tí àwọn atukọ̀ sì ń fi oṣù mélòó kan dúró de ìgbà tí yóò kàn wọ́n, ló pàdé ará Gíríkì kan tó ń ṣiṣẹ́ rédíò nínú ọ̀kan nínú wọn. Òyìnbó yẹn ló kọ́ ọ léré náà. Èdè tí wọ́n jọ gbọ́ kò ju "gúùdù" àti "nó gúùdù" lọ, ìyẹn náà sì tó wọn. Ohun tí Àṣírù kọ́kọ́ ń sọ fáyé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìtàn tó bá wà lẹ́nu Àṣírù kì í pẹ́ yípadà, nígbà tó fi máa di ọdún kejì, òyìnbó náà ló wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ẹ̀.

Ẹni tó máa ń ta kò ó jù ni Sylvanus, aládùúgbò ẹ̀ tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù. Tí wọ́n bá ti parí ìsìn ní Sọ́ńdè, á gba iwájú ilé kọjá pẹ̀lú Bíbélì lábíyá, á jókòó ti Àṣírù, á mi orí títí, á wá bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn.

"Ta ló borí?"

"Kò sẹ́ni tó ń borí níbẹ̀."

"Eré wo ni wọ́n ń ṣe tẹ́nì kan ò ní borí?"

"Ìwọ àti ìyàwó ẹ ńkọ́, ta ló ti borí?"

Sylvanus wo ọ̀nà ilé ẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa bá eré lọ.

Ohun tó kù tó ń jẹ Àṣírù lọ́kàn ni ijó ńlá kan, orúkọ tó fi ń pe ìyípadà àwọn ìdérí. Ó fẹ́ èyí tó ní ojú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, táá gbilẹ̀ bí òdòdó, táá pa ojú dà, táá tún un pa dà, táá wá padà sí ti àkọ́kọ́ láìsí ẹyọ ìdérí kan tó ṣìnà. Ìdérí tó ní kò tó o. Morìnsọ́lá ìyàwó ẹ̀ sì ń ta mínírà níwájú ilé. Lọ́jọ́ kan obìnrin náà lọ sọ́jà Bóńdárì, ó sì padà dé bá gbogbo ìgò tó wà nínú kéréètì ní ṣíṣí.

"Ta ló mu wọ́n?"

"Kò sẹ́ni tó mu nǹkan kan," Àṣírù ní. "Ìdérí wọn nìkan ni mo fẹ́."

Morìnsọ́lá wọlé lọ. Ó di ẹrù, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ ní Kiríkirì.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, ijó náà bọ́ sí i. Ó gbilẹ̀, ó pa ojú dà, ó tún un pa dà, ó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́. Àṣírù fò dìde. "Sọlá!" ló ké. "Sọlá, wá wò ó!" Sylvanus nìkan ló wà níbẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà títí, ó wá rọra jókòó padà.

"Ó dáa," Sylvanus ní, "mo ti rí i. Dìde, lọ bẹ ìyàwó ẹ."

Ní Kiríkirì, Àṣírù kò mọ ẹ̀bẹ̀ mìíràn í bẹ̀. Ó yọ ìdérí mẹ́ta látàpò, ó tò wọ́n sórí tábìlì ẹ̀gbọ́n. "Ti àárín yìí, kì í kúrò. Àwọn ti ẹ̀gbẹ́ ló ń kú. Ṣùgbọ́n tí ti àárín bá lọ, gbogbo ẹ̀ ti tán nìyẹn."

"Èmi ni ti àárín?" Morìnsọ́lá bi í.

"Ìwọ ni."

"Ẹ̀yin wá ńkọ́?"

"Ti ẹ̀gbẹ́ ni mí. Àtọjọ́ tó o ti lọ ni mo ti ń kú."

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Morìnsọ́lá fún ẹnu pọ̀. "Kí lẹ ti ń jẹ?"

"Mínírà," ni Àṣírù wí. "Kò tiẹ̀ hó mọ́."

Obìnrin náà dìde, ó lọ di ẹrù ẹ̀.

Àìsàn tó mú Àṣírù lọ ní 1979 kò pẹ́ lára ẹ̀. Èrò pọ̀ níbi àdúrà fídáù ẹ̀: àwọn ará wọ́ọ̀fù, Ovie, Sylvanus tó wọ kóòtù láàárín àwọn onífìlà. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Àfáà béèrè ẹni tó máa kọ́ àwọn tó kù ní eré olóògbé, kó má bàa parun. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Sylvanus.

"Ẹ má wò mí o," ó ní. "Kò yé mi rí."

"Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn?"

"Mo kàn ń mi orí ni."

Ovie jẹ́wọ́ pé òun náà, tó bá wà níbẹ̀, ó máa ń yé òun, tóun bá fi máa délé, ó ti dàrú. Ọ̀kan lára àwọn awakọ̀ kireni ní òun rò pé òun nìkan ni. Ẹ̀rín wá gba gbogbo ilé, Àfáà pàápàá fi aṣọ nu ojú.

"Kí lẹ wá ń wá ṣe lọ́dọ̀ ẹ̀?" ó bi wọ́n.

"Tí mo bá dé," Sylvanus ní, "ó máa ń sún fún mi jókòó. Bó ti wù kí ọwọ́ ẹ̀ dí tó."

Àfáà la ọwọ́ méjèèjì, ó ní kí Ọlọ́run fún olóògbé níbi tó fẹ̀ tí yóò jókòó sí. Gbogbo wọn ṣe àmín, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́. Ti Morìnsọ́lá ló dún jù.