Ìka Mẹ́rin Lára Ìgbànú Bàbá Mi

Láàárọ̀ àná, ọmọ ọmọ mi obìnrin ń se pòròporo ọkà bàbà lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ kékeré kò tó, kí ó máa mu omi pupa rẹ̀. Bí omi náà ṣe hó, tí òórùn rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, mo gbàgbé pé mo ti di arúgbó tí ń fi ọ̀pá rìn. Mo ti padà sí agbo ilé wa ní Ẹdẹ, mo lóṣòó ti ìkòkò Bàbá àgbà, èéfín ń ta mí lójú, mo sì kọ̀ láti dìde.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń ra bẹ́líìtì nínú ọ̀rá, tí yóò bó kí ọdún tó yípo, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Oníṣẹ́ awọ ni Bàbá àgbà, bàbá tó bí bàbá mi. Awọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe àpò, bàtà àti ìgbànú. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àfi bí wọ́n bá ń bá awọ wí. "Olórí kunkun, o le bí ẹni tó bí ọ," ni wọ́n máa ń sọ fún awọ òbúkọ. Wọn á bu òrí sí àtẹ́lẹwọ́, wọn á máa fi pa á títí yóò fi gbọ́ràn.

Ìkòkò amọ̀ méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Omi pòròporo tí wọ́n sè pẹ̀lú kán-ún ló wà nínú ọ̀kan, òun ni wọ́n fi ń pa awọ ní pupa. Nínú èkejì ni ìdàrọ́ wà, ìyẹn pàǹtí irin tí wọ́n ṣà nílé alágbẹ̀dẹ, tí wọ́n rẹ sínú omi ògì kíkan. Omi yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ dúdú lójú, ṣùgbọ́n bó bá ti kan awọ báyìí, awọ á dúdú bí ìdí ìkòkò, kò sì sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́ kúrò. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fún àwa ọmọdé: ọwọ́ tó bá wọ ìkòkò ìdàrọ́ kò gbọdọ̀ kan awọ pupa.

Nígbà tí rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ẹdẹ, àwọn òyìnbó ń wá ọkùnrin tí yóò máa bá wọn gbé irin lọ sí Òkè Ọya. Bàbá mi ní àwọn yóò lọ, pé àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ìyá mi tún ń ṣa ẹ̀wà tí wọ́n ti ṣà tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo béèrè ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn.

"Bàbá, tẹ́ ẹ bá pẹ́ níbẹ̀, ẹ ò ní gbàgbé mi?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé mi sókè, ṣùgbọ́n wọn kò dá mi lóhùn. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Nílé wa, ọkùnrin kì í rin ìrìn àjò láì sán ìgbànú tí bàbá rẹ̀ ṣe. Bàbá àgbà fi òòlu lu ihò, wọ́n rán an, wọ́n fi òkúta dídán ha etí rẹ̀, wọ́n fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ nù ún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi omi pupa pa á. Ó pọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí àkùkọ wa fi ń bínú sí i. Wọ́n fi kọ́ sórí ọ̀pá kó gbẹ, kí wọ́n tó fi òrí pa á, wọ́n sì lọ kírun ọ̀sán. Ọ̀la ni bàbá mi ń lọ.

Ẹ má bi mí pé kí ni mo ń wá nínú ìkòkò ìdàrọ́. Ọmọdé ni mí, ẹnikẹ́ni kò sì sí nílé tí yóò rí mi. Ọwọ́ mi ṣì tutù nígbà tí atẹ́gùn dé, tí òjò ń bọ̀ láti apá Ọ̀ṣun. Bí òjò bá pa ìgbànú tí kò tíì rí òrí, gbogbo pupa yẹn ni yóò ṣàn lọ. Mo gun àpótí, mo gbá a mú, mo sáré wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀kán òjò kan kò bà á. Inú mi dùn, àfìgbà tí mo wo ibi tí mo ti dì í mú. Ìka mẹ́rin ti hàn níbẹ̀, dúdú kirikiri.

Nígbà tí Bàbá àgbà dé, mo na ọwọ́ mi sí wọn. Wọ́n wo ọwọ́, wọ́n wo ìgbànú, wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní kò sí ohun tó kù ju kí àwọn rì í sínú ìdàrọ́, kí gbogbo rẹ̀ dúdú. Ibẹ̀ ni bàbá mi wọlé bá wa.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ẹni tó bá rí i á ní mi ò mọṣẹ́."

"Ọmọ yìí bi mí ní nǹkan, n ò dá a lóhùn. Èsì rẹ̀ nìyẹn."

Bàbá àgbà kùn títí, ṣùgbọ́n wọ́n bu òrí, wọ́n sì rọra fi pa ojú ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà bí ẹni ń fi òróró pa ara ọmọ tuntun.

Ọdún méje ni bàbá mi lò. Ọlọ́jọ́ kò jẹ́ kí Bàbá àgbà dúró dè wọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, ọkùnrin gbígbẹ kan tó dá irùngbọ̀n sí ni mo rí, mo sì sá sẹ́yìn ìyá mi. Bàbá mi kò bínú. Wọ́n gbé etí bùbá wọn sókè, ìgbànú sì yọ jáde. Mo sún mọ́ wọn, mo gbé ìka mi lé e. Kò bá a mu mọ́.

"N ò gbàgbé," ni bàbá mi wí. "Ọwọ́ rẹ ló dàgbà."

Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà, n kò sun irú rẹ̀ mọ́.

Ìkòkò méjèèjì ti fọ́ tipẹ́, wọ́n sì ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbi tí wọ́n wà. Kò sí ẹni tó ń bá awọ wí mọ́ nílé wa. Ìgbànú náà ń bẹ nínú àpótí mi. Pupa rẹ̀ ti ṣá, ṣùgbọ́n dúdú yẹn kò yẹ̀.

Nígbà tí ọmọ kékeré yẹn mu omi rẹ̀ tán lánàá, tó ń yínmú, mo gbé ìgbànú náà jáde kó lè fi ṣeré. Kò bi mí léèrè kó tó to ìka rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí rẹ̀. Wọ́n bá a mu rẹ́gí. Ó gbójú sókè wò mí.

"Màmá àgbà," ló wí, "ta ló fi ọwọ́ mi síbí?"