Mo Ta Ọjọ́ Rere fún Owó Oṣooṣù

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù ni fóònù mi máa ń dún nígbà yẹn pé owó ti wọlé. Kì í yẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn, nítorí ká ní ó yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ì bá ti ta mí jí.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti iléèwé kan dé òmíràn létí òkun Ìlàjẹ yìí, láti apá Ugbò títí dé apá Máhìn, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ apẹja ní ìdá àti ìpín. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ó pẹ́ kí owó mi tó jáde, ṣùgbọ́n ó jáde. Mo sì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Ilé pákó tí bàbá mi kọ́ sórí òpó ni à ń gbé, èmi àti ìyá mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ó máa ń rẹ̀ mí kí n tó rìn láti ẹnu ọ̀nà wa dé etí òkun. Nígbà tí mo fi fẹ̀yìn tì, ìgbì tó bá le díẹ̀ ti ń da omi sábẹ́ ibi tí ìyá mi ń sùn. Ìyá mi ti kọjá ọgọ́rin ọdún. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun ń bẹ̀ mí fún, kí n má jẹ́ kí òun kú sínú yàrá tí a háyà lọ́wọ́ onílé. Mo ti ra ilẹ̀ sí Igbókòdá, níbi tí òkun kò lè dé. Owó ìfẹ̀yìntì mi ni mo fẹ́ fi kọ́lé sí i.

Owó náà kò tó parí ilé. Ó kù díẹ̀. Díẹ̀ yẹn ló bà mí jẹ́.

Ọkọ ọmọ mi, ọmọ òkè tó wá ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fa epo lójú òkun, ló mú ọ̀rọ̀ náà wá. Ilé wa ló máa ń sùn sí bó bá ń lọ síbi iṣẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ má jẹ́ kí owó yín máa sùn ní báńkì. Àwọn kan wà tí wọ́n ń bá èèyàn kó owó ṣòwò l'Ámẹ́ríkà. Oṣooṣù ni wọ́n ń san èrè, ó sì ju ti báńkì lọ fíìfíì. Èmi gan-an wà níbẹ̀."

Mo da ìbéèrè bò ó. Ṣé gbájúẹ̀ kọ́? Ṣé wọn ò ní kó o sá? Ta ló mọ̀ wọ́n? Àwa méjèèjì jọ lọ dúró sí ìparí afárá onípákó, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé, ó sì fi gbogbo ìwé wọn hàn mí. Kò fi nǹkan kan pamọ́ fún mi. Ó ní wọ́n á fi owó wa ra ṣíà àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá. Lẹ́yìn náà, wọ́n á bá ẹlòmíràn ṣàdéhùn pé bí ṣíà náà bá gbówó lórí kọjá iye báyìí, ẹni yẹn ló ni èrè tó bá lé. Nítorí àdéhùn yẹn, onítọ̀hún á san owó díẹ̀ sílẹ̀. Owó díẹ̀ yẹn ni wọ́n ń pín fún àwa tá a fẹ́ máa jẹun lóṣooṣù. Mo mi orí bí alángbá. Olè ni mo ń wá, mi ò rí olè, ọkàn mi balẹ̀, mo sì kó owó ilé náà fún wọn.

Ọdún àkọ́kọ́ dùn. Nínú owó yẹn ni mo ti ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá mi, púpurú tí à ń jẹ, epo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi. Mo tún ń fi àwọn ẹgbẹ́ mi tó ti fẹ̀yìn tì ṣe yẹ̀yẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí wọ́n máa retí owó ìjọba lọ. Ẹnu mi gùn nígbà yẹn.

Lọ́dún kejì ni mo wo ìdí owó gan-an, èyí tí mo kó sílẹ̀, tí mo rí i pé ó ti dín. Ọkọ ọmọ mi ní, "Bàbá, ọjà ló wálẹ̀. Á gòkè padà." Òótọ́ ló sọ, ọjà gòkè. Wọ́n pariwo rẹ̀ lórí rédíò pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Tèmi náà gbéra, ó rìn díẹ̀, ó sì dúró bí ewúrẹ́ tí okùn ọrùn rẹ̀ ti tán. Àwọn kan á sọ pé bí dọ́là ṣe ń wọ́n, èrè ni fún mi. Kí wọ́n lọ bi àwọn tó ń ta sìmẹ́ńtì àti páànù bóyá àwọn náà ò gbọ́ pé dọ́là ń wọ́n.

Inú ń bí mi lọ́jọ́ kan, mo ń dá sọ̀rọ̀ lórí àga. Ìyá mi jókòó nítòsí, ó ń ṣa ìdọ̀tí kúrò lára edé.

Ó ní, "Ọma mi, eghó oṣooṣù yí, ta ní ń san án?"

Mo ṣàlàyé fún un bí wọ́n ṣe ṣàlàyé fún mi. Ó ṣíwọ́ edé ṣíṣà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Hà! Èmi rè é! Èmi ni wọ́n lọ bá l'Ámẹ́ríkà!"

Ẹja yíyan ni iṣẹ́ ìyá mi láyé ọjọ́un. Gbogbo èèyàn etíkun wa ló mọ bí àwọn tó ń yan ẹja ṣe ń ṣe é. Ní ìgbà tí ẹja bá wọ́n, ìyá mi á máa fún apẹja ọlọ́kọ̀ ní owó kékeré lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó rí epo rà, kí ọmọ rẹ̀ jẹun. Kì í ṣe gbèsè, kò ní dá a padà. Àdéhùn tó wà níbẹ̀ ni pé lọ́jọ́ tí agbódó, ẹja tí à ń yan jù, bá kún ọkọ̀, tìyá mi ni gbogbo rẹ̀, ní iye tí wọ́n ti fẹnu kò sí nígbà ọ̀dá.

Ìyá mi ní, "Àwọ̀n rẹ̀ ya, tirẹ̀ ni. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rì, tirẹ̀ ni. Ẹja pọ̀, tèmi ni. Ọma mi, òwò tó dùn jù tí mo ṣe láyé nìyẹn."

Mo ké sí ìyá mi, "Iye, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"O ò bi mí. Olè ni o ń wá."

Ó yẹ kí n kó owó mi kúrò lọ́jọ́ kejì. Mi ò kó o. Owó oṣooṣù ti di oúnjẹ, kí ni a óò jẹ? Mo sì tún ń dúró kí ìdí owó padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀, kí n má baà tà á ní àdánù. Mo dúró lórí i pé ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀, títí ìgbì òjò ọdún náà fi gbé ilé ìdáná wa lọ pẹ̀lú òpó mẹ́ta. Ààrò tí ìyá mi fi yan ẹja fún ogójì ọdún bá a lọ. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ta gbogbo ṣíà mi ní iyekíye, mo sì sunkún lórí afárá níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé.

Ohun tó kù gbé ilé Igbókòdá dé ojú fèrèsé. Ibẹ̀ ló dúró sí, koríko ti hù nínú pálọ̀. Yàrá kan la háyà sí ẹ̀gbẹ́ ọjà, èmi àti ìyá mi. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń bi mí pé ibo ni òrùlé dé. Mo máa ń sọ fún un pé ó kù díẹ̀. Ó ti mọ̀ pé irọ́ ni, kì í wò mí lójú mọ́ bó bá ń béèrè.

Ọlọ́kọ̀ kan wà nígbà tí mo wà ní kékeré. Ọkọ̀ rẹ̀ kún lọ́jọ́ kan débi pé omi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ ọ́. Ìyá mi san iye ìgbà ọ̀dá fún un, èmi ni mo ń ru agbọ̀n. Ọkùnrin náà dúró nínú omi tó mù ún dé orúnkún, ó ń wo ẹja rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Kò bínú sí wa. Nígbà tí mo gbé agbọ̀n tó kẹ́yìn, ó gbọ́wọ́ lé mi lórí.

Ó ní, "Ọma, lọ kàwé o, kí wọn má baà ra tìrẹ báyìí."

Mo kàwé. Ẹja rẹ̀ ni ìyá mi tà tó fi san owó iléèwé mi.