Ọmọlanke Tíṣà Eré

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Caleb Ògúndìran ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá ní ilé-ìwé girama kan ní Àgọ́-Àmọ́dù. Ọmọ ibẹ̀ kọ́ ni. Ìgànná ni wọ́n ti bí i, iṣẹ́ ìjọba ló gbé e wá, ó sì jókòó síbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti pàdé Florence, nọ́ọ̀sì tí òun náà jẹ́ àlejò, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti bí Olúwafọlákẹ́mi, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn. Àwọn ará ìlú kì í fi orúkọ pè é. Tíṣà Eré ni gbogbo wọn ń pè é.

Ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni Florence lọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú ọba. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ló mú ọmọ lọ. Caleb ló kù tó yẹ kó tẹ̀ lé wọn, àmọ́ físà, ìwé àṣẹ láti wọ ìlú ọba, kò jáde fún un. Ó tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, kò jáde. Báyìí ló ṣe di pé òun nìkan ń gbé ilé oníyàrá mẹ́ta tí wọ́n háyà lẹ́yìn ọjà. Àràárọ̀ ló ń gbá yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ẹni pé èèyàn sùn nínú gbogbo wọn. Bó bá se iṣu, iṣu a máa ṣẹ́ kù, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ iṣu tí ẹnì kan lè jẹ tán.

Ìrọ̀lẹ́ ló le jù fún un. Bí ilé-ìwé bá ti jáde, tí àwọn tíṣà yòókù gun ọ̀kadà lọ bá ará ilé wọn, Caleb kì í fẹ́ lọ. Ó máa ń wá iṣẹ́ ṣe ní sìtọ́ọ̀ tí wọ́n ń kó ohun èlò eré sí.

Sìtọ́ọ̀ yìí jìnnà sí pápá. Títì ló pààlà láàárín wọn, orí ni àwọn ọmọ sì fi ń ru ohun gbogbo kọjá. Ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí nǹkan má sọnù. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan tó gbé ọ̀kọ̀ jíjù léjìká yí padà láti dá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lóhùn, ẹnu ọ̀kọ̀ sì ya ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní apá. Egbò náà kò jinlẹ̀, àmọ́ kò kúrò lọ́kàn Caleb. Lọ́jọ́ kejì, ó mú bébà kan tó ti ya àwòrán sí, ó di ọ̀dọ̀ Ràsáàkì jórinjórin lójú ọ̀nà Ṣakí.

"Mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe ọmọlanke kan," ló wí.

"Ti omi ni àbí ti ìdọ̀tí?"

"Ti bọ́ọ̀lù."

Ràsáàkì ṣí awò dúdú kúrò lójú. "Bọ́ọ̀lù ń yí fúnra rẹ̀ ṣáá, Tíṣà."

Síbẹ̀, ó gba bébà náà, ó wò ó dáadáa, ó sì béèrè ìbú àti òró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Táyà alùpùpù méjì ni wọ́n fi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọ̀n ni wọ́n fi ṣe ikùn rẹ̀ lókè, kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ sí àwọn bọ́ọ̀lù. Nísàlẹ̀ ni àpótí onírin kan wà tó ní ìdérí àti àgádágodo, fún àwọn irin jíjù, fèrè, àti ọ̀pá tí àwọn asáré ń gbé fún ara wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, wọ́n jó páìpù gígùn mẹ́rin mọ́ ọn, wọ́n dí ìdí wọn pa, kí ẹnu ọ̀kọ̀ má baà tún rí ara ẹnikẹ́ni. Níwájú, wọ́n fi ìkọ́ sí i tí èèyàn lè fi so ó mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù.

Ojoojúmọ́ ni Caleb ń bá Ràsáàkì di irin mú. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó tún ń gbé ọmọlanke náà padà wá. Lónìí, á ní ẹsẹ̀ kan ń dún. Lọ́la, á ní ìdérí kò bá ẹnu mu. Ràsáàkì mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe é. Ńṣe ló máa ń fa àga fún un.

Caleb fi ọmọlanke náà han Florence lórí fóònù. Florence ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, ojú rẹ̀ sì ti wú.

"Ó dára, Bàbá Fọlákẹ́mi. Ẹ kùn ún lọ́dà kó má baà dógùn-ún."

Fọlákẹ́mi gba ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ kọjá nínú ẹ̀wù òtútù ńlá kan, ó juwọ́, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Dádì," ó sì jáde lọ. Caleb kun ọmọlanke náà ní ọ̀dà búlúù.

Ní oṣù kejì ọdún tó kọjá, ìdíje àwọn ilé-ìwé wáyé ní Ṣakí. Ọmọ mọ́kànlá ni ilé-ìwé wọn fẹ́ gbé lọ. Èyí tí Caleb fọkàn sí jù nínú wọn ni Ọlámipọ̀sí, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó mọ ọ̀kọ̀ jù. Àwọn tó ṣètò ìdíje ní kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan mú ohun èlò tirẹ̀ dání. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ wọ bọ́ọ̀sì tán lówùúrọ̀ Sátidé náà, kò ku àyè tí ọ̀kọ̀ kan lè gbà.

"Ẹ máa lọ," Caleb wí fún wọn. "Mo ń bọ̀ lẹ́yìn yín."

Ó so ọmọlanke mọ́ alùpùpù rẹ̀, ó rọra ń lọ. Ọ̀dà ti bó lójú ọ̀nà, ọyẹ́ kò tíì lọ tán, àwọn ọdẹ sì ti dáná sun igbó lọ́tùn-ún lósì. Kò sí ohun tó dúró ju igi emi, tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, àti igi irúgbá lọ. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ síbi afárá kékeré kan, ó gbọ́ tí nǹkan ṣẹ́, alùpùpù sì fúyẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó wẹ̀yìn. Ìkọ́ ti já. Ọmọlanke ti yà sí kòtò, ó ti dojú dé, àwọ̀n rẹ̀ ti ya, àwọn bọ́ọ̀lù funfun sì ń yí lọ nínú igbó tó ti jóná.

Caleb jókòó sí etí afárá. Ó yọ fóònù, ó sì wò ó. Florence, ẹni kan ṣoṣo tó máa ń kọ́kọ́ pè bí nǹkan bá bàjẹ́, kò sí nítòsí, kò sì sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó dá fóònù padà sápò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa bọ́ọ̀lù.

Obìnrin kan tó ń kọ ebè lódìkejì ló rí i. Ó wá pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ò fara pa?"

"Rárá, mà. Ẹ ṣeun."

"Kí lẹ ń kó?"

"Bọ́ọ̀lù ni. Mò ń gbé wọn lọ bá àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ní Ṣakí."

"Ẹ̀yin nìkan?"

"Èmi nìkan ni."

Obìnrin náà fi ọkọ́ sílẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ so, ó sì wọ inú igbó. Ìyá Kẹ́hìndé lorúkọ rẹ̀. Mẹ́wàá ni àwọn méjèèjì rí ṣà nínú bọ́ọ̀lù méjìlá, gbogbo wọn ti dúdú bí ìkòkò. Wọ́n jọ gbé ọmọlanke dìde, Ìyá Kẹ́hìndé sì mú okùn tó fi ń di igi wá. Bí Caleb ti ń so ó, obìnrin náà béèrè pé, "Ìyá ilé ńkọ́?"

"Ó wà ní ìlú ọba. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta."

"Ọkọ tèmi lọ sí Kùtọnu. Ó ní òun ń bọ̀. Kẹ́hìndé kò tíì máa rìn nígbà yẹn. Kẹ́hìndé ọ̀hún ti bímọ méjì báyìí."

Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò tó ti rọ̀ kọjá ló ṣe sọ ọ́. Caleb dúpẹ́, ó sì gbéra.

Nígbà tó dé pápá, Ọlámipọ̀sí ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Sà, wọ́n ní bí wọ́n bá tún pè mí tí n kò jáde, wọ́n á pa orúkọ mi rẹ́."

Caleb fa ọ̀kọ̀ jáde nínú páìpù. Kò tẹ̀ rárá. Ọmọ náà gbà á, ó sáré lọ. Èyí tó kọ́kọ́ jù kò lọ jìnnà. Ìkejì ṣubú sí ìta ìlà. Nígbà tó ju ìkẹta, gbogbo èèyàn gbójú sókè tẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan péré ló fi ju ti ọmọ Ìṣẹ́yìn lọ, àmọ́ òun ló ṣe ipò kìíní.

Àwọn ọmọ gbé e sókè, wọ́n ń jó. Caleb ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó yọ fóònù, ó pe Florence. Ó dún títí, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Ó rántí pé ó wà níbi iṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn sílẹ̀ fún un, ó ní, "Florence, ọmọ yẹn ti jù ú," ó pa á rẹ́. Ó tún gbà á, ó tún pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ ẹni tí yóò dáhùn.

Nígbà tó ń padà bọ̀, ó yà ní ọ̀dọ̀ Ràsáàkì. Ràsáàkì ti lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní títì. Caleb fa ọmọlanke lọ sí ilé, ó bu omi sínú ọpọ́n tí wọ́n fi ń fọ aṣọ ilé-ìwé Fọlákẹ́mi látijọ́, ó sì fọ àwọn bọ́ọ̀lù náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ Sunday, Florence pè. Caleb sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí afárá dé orí ìwọ̀n. Florence rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ bí bọ́ọ̀lù ṣe dúdú.

"Mi ò sí níbẹ̀," ó wí.

"O ò sí níbẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún kọ̀wé béèrè físà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ó tún béèrè. Èsì dé nínú ìsinmi ìgbà òjò, kò sì yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ràsáàkì ló kọ́kọ́ sọ fún. Ràsáàkì pa iná irin, ó jókòó tì í, àwọn méjèèjì sì ń wo ọkọ̀ tó ń lọ sí Ṣakí.

Ọlámipọ̀sí ti jáde ilé-ìwé, ó ti wọ Poli ní Ṣakí. Àwọn ọmọ tó wà lórí pápá báyìí kò pọ̀. Ọjọ́ mìíràn, mẹ́rin péré ló máa ń wá. Caleb kò torí ìyẹn dín ohun tó ń gbé jáde kù. Ní aago mẹ́rin, ó máa ń ti ọmọlanke búlúù náà dé etí títì, àwọn ọlọ́kadà á dúró fún un, wọ́n á ní, "Tíṣà Eré, ẹ kú iṣẹ́ o." Á dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì kọjá. Á to gbogbo rẹ̀ sórí koríko bí ẹni tó ń retí ogójì ọmọ, á fun fèrè, á sì dúró.