Alàgbà Ta-Ló-Yà-Á, Adájọ́ Àwòrán

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó fi Alàgbà Ta-ló-yà-á jíǹkí wa títí ó fi gbó, tí ó sì tọ́. Iṣẹ́ ayàwòrán ni Bàbá fi tọ́ ọmọ. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gba iṣẹ́ mọ́, ó sọ ara rẹ̀ di adájọ́ lórí gbogbo àwòrán tí ó bá wọ fóònù ẹbí. Kò sí ẹni tí ó yàn án sípò náà. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tí ó lè yọ ọ́.

Ẹjọ́ rẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni ti ọmọ àbúrò rẹ̀, nọ́ọ̀sì kan tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn kan tí ń ta aṣọ lórí ayélujára gbé àwòrán obìnrin kan jáde, aṣọ rẹ̀ là láti àyà dé ìdodo, ojú nọ́ọ̀sì wa ni ó sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ gbé fóònù wá sí pálọ̀ Bàbá, ó sì fi lélẹ̀ lórí tábìlì bí ẹni gbé òkú eku.

"Ẹ wo ọmọ yín. Ọmọ tèmi kò ní fẹ́ oníhòòhò. Ìgbéyàwó ti tú ká nìyẹn."

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́kún. Bàbá mú awò rẹ̀ tí ń sọ kékeré di ńlá. "Ta ló yà á?"

"Èwo ni ta ló yà á? Ṣé ojú rẹ̀ kọ́ nìyí ni?"

"Ojú rẹ̀ ni. Ìyókù ni mi ò mọ̀ rí." Ó gbé fóònù lọ sí ojú fèrèsé. "Ẹ wò ó, Ìyá. Níbi imú, òòrùn ń ti ọwọ́ òsì bọ̀. Níbi èjìká, ọwọ́ ọ̀tún ló ti ń bọ̀. Ọmọ wa ò lè fi imú wà láàárọ̀, kó fi èjìká wà nírọ̀lẹ́."

"Àlàyé yín ti pọ̀ jù. Àwòrán kì í parọ́!"

Bàbá gbé awò kalẹ̀. "Àwòrán ìgbéyàwó yín tí ẹ gbé kọ́ sára ògiri, ta ló yà á?"

"Ṣebí ẹ̀yin náà ni."

"Èmi ni. Ọkọ yín ńkọ́, ṣé ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo yà á?"

"Iṣẹ́ ti gbé e rìnrìn àjò," ni Ìyá rọra sọ.

"Ẹ̀yin lẹ gbé àwòrán ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ wá fún mi. Abẹ́ ni mo fi yọ orí rẹ̀, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn àwòrán tèmi tí mo wọ kóòtù. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù pàdánù ẹnì kan, ẹ̀yin sì rí ọkọ sí ẹ̀gbẹ́ yín."

Nọ́ọ̀sì ni ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, kí ó tó kan Ìyá fúnra rẹ̀. Ó pa fóònù, ó nu ojú, ó sì béèrè bóyá ìjókòó iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó ṣì wà fún òun.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá kò ṣeé bá gbé mọ́. Ìwé Mímọ́ ní kí a máa wádìí ohun gbogbo, kí a sì di èyí tí ó dára mú ṣinṣin. Ìdajì àkọ́kọ́ tó Bàbá.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fi àwòrán ọmọ tuntun ránṣẹ́ láti òkèèrè. Bàbá pè é padà lórí fídíò lójú ẹsẹ̀. "Yí ọmọ náà sẹ́yìn, kí n rí ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́."

"Bàbá, ọmọ-ọmọ yín ni! Ó jọ yín gan-an."

"Ohun tó ń fu mí lára gan-an nìyẹn. Ó ti rẹwà jù."

Nígbà tí àwòrán ṣòkòtò kan ń jà ràn-ìn lórí ayélujára, tí ẹsẹ̀ kan gùn, tí èkejì mọ sí orúnkún, Bàbá kéde fún gbogbo ẹbí pé irọ́ pọ́ńbélé ni, kò sí télọ̀ tí orí rẹ̀ pé tí yóò rán an. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, ọ̀dọ́kùnrin kan wọ̀ ọ́ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ará sì yin Ọlọ́run pé àgbà yìí mọ àdúrà gbà. Ojú rírán ni ó ń yẹ̀ wò. Ìyàwó rẹ̀ bi í bí wọ́n ti jáde pé, "Ẹ ti wá gbà báyìí?"

"Ṣòkòtò yẹn, òótọ́ ni. Ọpọlọ ẹni tó wọ̀ ọ́ ni wọ́n tún ṣe."

Bàbá sùn nínú Olúwa ní ìrọ̀rùn. Nọ́ọ̀sì ni ó lọ gba ìwé ètò ìsìnkú lọ́wọ́ atẹ̀wé, ìyá ọkọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Atẹ̀wé ti fi ẹ̀rọ na iwájú orí Bàbá tó hun jọ, ó ti sọ eyín rẹ̀ di funfun báláú, ó sì ti la ojú òsì rẹ̀, èyí tí ó ti kéré nítorí ọ̀pọ̀ ọdún tí Bàbá fi ń dì í lẹ́yìn kámẹ́rà.

"Ta nìyí?" ni nọ́ọ̀sì béèrè.

"Bàbá yín ni, Mà. Mo kàn tún wọn ṣe díẹ̀ kí wọ́n lè gbayì ni."

"Ẹ dá ojú kékeré yẹn padà. Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀ ni mo fi ń gbé nílé ọkọ mi. Mi ò ní fi àwòrán irọ́ sin ẹni tó gbà mí lọ́wọ́ àwòrán irọ́."

Atẹ̀wé kọ́kọ́ fẹ́ ṣe àwáwí, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ ti mú ọwọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀, omi sì ti lé ròrò sí i lójú. "Ẹ ṣe bó ṣe wí," ni ó sọ. "Bó ṣe rí yẹn ló dáa."

Kí Olúwa mú ìránṣẹ́ rẹ̀ sínú ìmọ́lẹ̀ tí kì í wọ̀. Kí ó tu opó rẹ̀ nínú, kí ó má ṣe jẹ́ kí ilé tí ó bá wa gbé ró wó láéláé, kí àwọn ọmọ tí a ń bí sínú rẹ̀ mọ òtítọ́, kí wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Àmín.