Jòsáyà Kò Ta Ẹran Níkùn Rí

Háà, Jòsáyà Àkànbí, o ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dìgbà kan ná o, ọ̀rẹ́ mi, ó di ojú àlá ká tó tún jọ jókòó síwájú ilé rẹ ní Abúlé Òkúta nínú Èkó níbí, ká máa bú ara wa títí Ìyá Ìyábọ̀ yóò fi gbé oúnjẹ jáde.

Ìyábọ̀, àkọ́bí rẹ, ló ní kí èmi Ràṣídì kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìsìnkú yìí. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ pé erin wó, àjànàkú sùn bí òkè. Mo ní kó má bínú, mi ò lè kọ irọ́. Baba ẹ̀ kì í ṣe erin. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí atẹ́gùn ọ̀sà Ìlàjẹ lè gbé jù sínú ọkọ̀ ojú omi ni baba ẹ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, èmi náà sunkún díẹ̀, mo wá mú bírò.

Iṣẹ́ bébà gígé lo fi jẹun, ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, lẹ́yìn ilé mi ní Fọlá Àgòrò. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdẹ ni ọ́. Láti abúlé yín lẹ́yìn Ṣágámù lo ti gbé ọrun baba rẹ wá sí Èkó, o sì gbé e kọ́ ògiri pálọ̀, níbi tí àwọn ẹlòmíràn ń gbé fọ́tò ìgbéyàwó kọ́ sí. Nígbà tí àwọn ológun gorí àga, tí ṣọ́jà kò fẹ́ rí ìbọn lọ́wọ́ aráàlú, gbogbo ọdẹ ló ń sá ìbọn pamọ́. Ìwọ kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. O ní ọrun kì í pariwo, ẹnikẹ́ni kì í sì béèrè láísẹ́ǹsì rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ rántí bí ìlú ṣe le nígbà náà. À ń tò lórí ìlà nítorí mílíìkì, à ń tò nítorí ṣúgà, wọ́n sì ń dá òṣìṣẹ́ dúró bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ẹran inú ọbẹ̀ wá di ohun tí ọmọ ń fi ojú wá. Àmọ́ bí o bá lọ sílé ní Sátidé, Jòsáyà, ilé mẹ́fà ládùúgbò ló ń retí rẹ. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ tó bá ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnì kan jẹ. Ìwọ kò rò ó. Ìgbà mìíràn sì wà tí wàá dé lọ́wọ́ òfo. Ìyá Ìyábọ̀ á ní, "Ẹ ò rí ẹran ni?" Wàá ní, "Mo rí i. Kò dúró dáadáa." Inú á bí ìyá. Wọ́n á ní, "Ṣé fọ́tò lẹ fẹ́ yà á ni?"

Òfin rẹ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le. Ẹran tó bá kọjú sí ọ, o kò ní ta á. Èyí tó bá kọ̀yìn sí ọ, o kò ní ta á. Èyí tó bá ń sáré ńkọ́? O ní ta ni yóò sọ fún ọfà ibi tí ẹran máa wà tó bá fi débẹ̀. Àfi kí àgbọ̀nrín náà fi ẹ̀gbẹ́ hàn ọ́, kí ó má ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, kí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sún síwájú, kí ẹ̀yìn apá ṣí sílẹ̀ níbi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà. Bí ọfà bá wọ ibẹ̀, ẹran kò ní jìyà. O máa ń sọ pé, "Ẹran gbà ká pa òun, kò gbà ká fìyà jẹ òun." Mo bi ọ́ pé ta ni ẹran bá sọ ọ́.

Èmi ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, tí mi ò rí àgbọ̀nrín rí àfi inú àwo, ló wá ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kí o kọ́ mi. O kó ìdì bébà àlòkù jọ sẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé, o ya àgbọ̀nrín sára páálí, o fi yíǹkì pupa yí ibi ọkàn rẹ̀ ká. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń ta bébà lọ́fà. Akọ̀wé ìjọba ni mí, àwọn tó ń to lẹ́tà nínú ilé ìtẹ̀wé yóò wá yọjú lójú fèrèsé, wọ́n á ní, "Akọ̀wé, ẹ fún un ní nọ́ńbà fáìlì, bóyá á dúró."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, lẹ́yìn tí ẹ parí ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì abúlé yín, o gbé ọrun rẹ lé mi lọ́wọ́ nínú igbó fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni pé mo ti fọ́nnu. Ní Fúráìdé, mo ti sọ fún gbogbo ọ́fíìsì pé bó bá di Mọ́ńdè, wọn yóò jẹ àgbọ̀nrín tí akọ̀wé fọwọ́ ara rẹ̀ pa. A lúgọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ilá kan. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, àgbọ̀nrín kan jáde, akọ ni, ó sanra, ó ń jẹ ewé ilá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ̀yìn sí wa tán. O na àtẹ́lẹwọ́ sí mi pé kí n dúró. Mo rí ọwọ́ rẹ. Ẹ̀yin èèyàn, mo rí i. Ohun tí mo ń rò ni pé ó máa lọ, kí ni màá wá sọ ní ọ́fíìsì. Mo ṣe bísímílà, mo ta á.

Ikùn ni ọfà bá. Ẹran náà kò ṣubú, kò sì sáré. Ó tẹ̀, ó rọra ń rìn wọgbó lọ bí arúgbó tí inú ń run. Mo dìde pé kí n lé e, o fọwọ́ fà mí jókòó. O ní, "Tá a bá lé e báyìí, á sá títí, ìrora ẹ̀ á pọ̀ sí i, a ò sì ní rí i mọ́. Àárọ̀ ọ̀la la máa wá a." Mo ní, "Àárọ̀ ọ̀la kẹ̀? Mọ́ńdè ni ọ̀la. Ṣọ́jà wà lẹ́nu géètì wa, tó ń fìyà jẹ ẹni tó bá pa iṣẹ́ jẹ. Wọ́n dá ẹni mẹ́rin dúró lóṣù tó kọjá, Jòsáyà, mo níyàwó, mo lọ́mọ mẹ́ta." O ní, "Mo gbọ́. Àmọ́ ẹran tó o ta, tìẹ ni títí á fi kú. Tó o bá fẹ́ lọ, máa lọ, màá bá ẹ wá a." O kò bínú. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Mo dúró.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bíńtín lórí ewé, ibi tí koríko ti tẹ̀, ojú ẹsẹ̀ lórí ẹrẹ̀. Ibi tí ojú mi kò ti rí nǹkan kan, ìwọ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wàá fi ìka kan ilẹ̀, wàá ní, "Ibí ló gbà." Oòrùn ti mú ká tó bá a létí odò kan. Ó dùbúlẹ̀, ó ṣì ń mí, ó ń wò wá. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti sin bàbá àti ìyá mi, síbẹ̀ mi ò tíì gbàgbé ojú ẹran yẹn. O gba ọrun lọ́wọ́ mi, o rìn yí i ká jẹ́ẹ́jẹ́ títí o fi rí ẹ̀yìn apá rẹ̀ dáadáa. Ọfà kan ṣoṣo lo ta. Kò mí lẹ́ẹ̀mejì mọ́. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé, ìwọ sì bu omi fún mi mu.

Ní abúlé yín, iwájú olórí ọdẹ ni wọ́n ti ń kun ẹran. Bí wọ́n bá rí ojú ọfà níkùn rẹ̀, ẹni tó ta á kò ní jẹ nínú ẹran náà, wọ́n á sì gba ọrun rẹ̀, wọ́n á gbé e kọ́ sí ilé bàbá náà fún ọdún kan gbáko. Bàbá wo ikùn ẹran, wọ́n wo ìyẹ́ ẹtù tí o máa ń so mọ́ ìdí ọfà rẹ. Wọ́n ní, "Jòsáyà, ta ló ta eléyìí?" Mo la ẹnu. Kí ohùn mi tó jáde, o ti dá wọn lóhùn. O ní, "Èmi ni, bàbá. Ojú ló kán mi." Gbogbo àwọn ọdẹ mọ̀ ọ́ láti kékeré, ẹnu yà wọ́n. Wọ́n gba ọrun tí baba rẹ fi sílẹ̀ fún ọ, wọ́n gbé e wọlé lọ. Èmi pa ẹnu mi dé. Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí.

Ní Túsìdé, o wọ ẹ̀wù kóòtù tí o fi ṣe ìgbéyàwó, o sìn mí dé géètì ọ́fíìsì. O sọ fún ṣọ́jà pé, "Ọ̀gá, ẹran tí mo ta ni kò jẹ́ kó wá lánàá. Bí ìyà bá wà, ẹ jẹ́ ká jọ jẹ ẹ́." Ṣọ́jà wò ọ́ títí. Ó ní ká máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ láti géètì dé ìdí àsíá. Jòsáyà, o fò jù mí lọ. Kóòtù ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ, o ń fò, o ń bẹ̀ mí pé kí n yára. Ọ̀gá mi tó ń wò wá lójú fèrèsé rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ó ní òun kò lè lé ẹni tó ní irú ọ̀rẹ́ báyìí. Bí iṣẹ́ kò ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo bi ọ́ pé kí ló dé tí o fi gbà á rù. O ń gbọn eruku orúnkún rẹ. O ní, "Èmi ni mo gbé ọrun lé ẹ lọ́wọ́ nígbà tí o kò tíì mọ dídúró. Tí mo bá ní ìwọ ni, o ò ní fọwọ́ kan ọfà mọ́ láyé ẹ." Ọdún kan gbáko lo fi ń lọ sílé, tí ò ń bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Àwọn aládùúgbò sọ ọ́ ní Bàbá Ọlọ́fà Ikùn, o sì ń jẹ́ wọn lóhùn. Nígbà tí wọ́n dá ọrun padà, mo bá ọ lọ, mo sì ń bá ọ lọ títí ojú àwa méjèèjì fi di bàìbàì. Mi ò ta èyíkéyìí níkùn mọ́. Èyí tí mo jẹ́ kó lọ nítorí pé kò dúró dáadáa, ó pọ̀ ju èyí tí mo pa lọ, ìyàwó tèmi náà sì bi mí bóyá fọ́tò ni mo ń yà.

Ìyá Ìyábọ̀, ọ̀dọ̀ yín ni mo ń bọ̀ báyìí. Ọdún tí ẹ fi se ọbẹ̀ láìsí ẹran yẹn, tí ẹ ń sọ fún ọkọ yín lójú gbogbo wa pé baba tó bí wọn kò jẹ́ ta irú ọfà bẹ́ẹ̀ láéláé, mo wà ní ìjókòó, mo ń gbọ́. Mo tiẹ̀ bá yín rẹ́rìn-ín. Jòsáyà wò mí lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n wà láàyè, ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé ọ̀la ni màá sọ ọ́. Ẹ wá wo ibi tí mo ti ń sọ ọ́. Èmi Ràṣídì ni mo ta ẹran yẹn. Ọkọ yín kò ta ẹran níkùn rí, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọrun títí di ọjọ́ tí wọ́n gbé e kalẹ̀. Bí èébú bá kù lẹ́nu yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ ilé mi ní Fọlá Àgòrò.

Jòsáyà, wọ́n ti mọ̀ o. Ó pẹ́ kí n tó sọ ọ́, dárí jì mí. Sùn re o, ọ̀rẹ́ mi, orúkọ rẹ ti mọ́.