Oúnjẹ Tútù fún Dúródèmí

Láti ìgbà tí Làmídì ti kúrò ní Ìwó wá sí Benin, aago ló ń tún ṣe ní ọjà New Benin. Àpótí onígíláàsì kan, àga kan, agboòrùn tí oòrùn ti pa láwọ̀ dà: ìsọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ aago ti kọ́ ọ pé ohun kékeré tí èèyàn bá fipá tì ló máa ń ṣẹ́, nítorí náà, níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ le, dídákẹ́ ló máa ń dákẹ́. Àwọn ará ọjà ń pè é ní onísùúrù. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Gbéminíyì, kò gbà bẹ́ẹ̀. "Sùúrù kọ́," ni obìnrin náà máa ń wí, "ẹnu rẹ̀ ló wúwo."

Ní ọdún 2006, Èyímofẹ́, ará Ìlàjẹ tó ń ta jígí ojú ní ìsọ̀ kejì, fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ ní Ìbàdàn. Kò ní ìyàwó, kò bímọ. Ajá pupa kan ló ní, tó ní àmì funfun láyà, tó sọ ní Dúródèmí. Ó fa okùn ajá náà lé Làmídì lọ́wọ́, ó sì gbé àpò oúnjẹ ajá kan tì í.

"Àlàájì, mo mọ̀ pé ẹ kì í fọwọ́ kan ajá."

"Èmi kì í ṣe Àlàájì. Mi ò tíì fojú kan Mẹ́kà."

"Ẹ ó fojú kàn án. Bí ẹ bá bá mi tọ́jú eléyìí, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni yóò san owó bàlúù yín."

Làmídì bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti kúrò lójú Èyímofẹ́. "Bí mo bá dé tí mi ò bá a, ta ni yóò sáré wá pàdé mi?"

Làmídì tí kì í yára fèsì yára lọ́jọ́ náà. "Wàá bá a," ló sọ.

Nílé, Ìyá Gbéminíyì wo ajá, ó wo ọkọ rẹ̀. "Ajá! Nínú ilé tí a ti ń kírun!"

"Ẹ̀yìnkùlé ni yóò wà."

"Ó dáa, Bàbá Gbéminíyì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: oúnjẹ ajá ò gbọdọ̀ wọ inú ìkòkò mi."

Làmídì fa ajá lọ sẹ́yìnkùlé láìbéèrè ohun mìíràn.

Oúnjẹ inú àpò náà ti bu. Dúródèmí gbóòórùn rẹ̀, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lójoojúmọ́ ló ń bá Làmídì lọ sí ìsọ̀, tí yóò lọ dùbúlẹ̀ síwájú ìsọ̀ ọ̀gá rẹ̀ tó wà ní títì, títí ìhà rẹ̀ fi di ohun tí èèyàn lè kà. Ni Làmídì bá gbé e wọ takisí lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kan ní Ugbowo. Awakọ̀ fi Píjìn bi í bóyá àkọ́bí rẹ̀ nìyẹn. Ó ní rárá, àbíkẹ́yìn ni.

Ọ̀dọ́mọbìnrin ni dókítà náà, Adébùkọ́lá lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n Benin ni wọ́n bí i sí, Gẹ̀ẹ́sì ló sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó rí ilà ojú Làmídì, ó kúnlẹ̀, ó pa Gẹ̀ẹ́sì tì, ó ń wá Yorùbá kiri bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò.

"Ẹ káàsán, Bàbá." Ó yẹ ẹnu ajá wò, ó gbóòórùn oúnjẹ inú àpò tí Làmídì gbé wá, ó sì kó o dànù. "Eléyìí ò dáa. Oúnjẹ tútù ni kí ẹ máa fún un. Ẹran tútù, ẹja tútù, ìrẹsì díẹ̀. Ẹ gbọ́, Bàbá? Tútù ni."

"Mo gbọ́."

Nígbà tó ń padà lọ sílé, ó ṣe é bíi pé kó béèrè pé tútù wo gan-an. Ẹran tútù tí a ò sè ni àbí? Ṣùgbọ́n ẹran tí a ò sè kò nílò ìkòkò. Ẹrù kan sọ̀ kalẹ̀ lọ́rùn rẹ̀ bó ti rò ó bẹ́ẹ̀. Kò padà lọ béèrè.

Láràárọ̀, ó ń gba Ọjà Ekiosa kọjá, yóò ra ẹ̀dọ̀ àti ìfun màlúù, yóò so ó sínú ọ̀rá mọ́ ẹsẹ̀ agboòrùn rẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi dilẹ̀ lọ́sàn-án. Ajá náà ń jẹ ẹ́ tìdùnnú-tìdùnnú, ara rẹ̀ sì kọ́kọ́ ń dán.

Jayéọlá tó ń tún bàtà ṣe lọ́ọ̀ọ́kán pariwo pé, "Bàbá Gbéminíyì, ẹran tútù! Ṣé ẹ fẹ́ kó ya ẹkùn ni? Lọ́jọ́ tí ẹran bá tán, itan yín ló kàn o!"

"Itan mi ti yi jù," ni Làmídì dáhùn. "Ìwọ ló rọ̀."

Kò pẹ́ tí ajá fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, kò sì lè dìde mọ́. Ìgbà náà gan-an ni fóònù dún.

"Wọ́n ti dá mi sílẹ̀ ní ọsibítù!" ni Èyímofẹ́ ń wí. "Mò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ gbé fóònù sí i létí."

Làmídì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyímofẹ́ ń pe Dúródèmí, Dúródèmí. Ìrù ajá náà lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dúró jẹ́ẹ́.

Ní Ugbowo, Adébùkọ́lá béèrè pé, "Bàbá, kí ló jẹ?"

"Ohun tí ẹ ní kí n fún un. Ẹran tútù."

"Báwo lẹ ṣe sè é?"

"Sè kẹ̀? Bó ṣe ti ọwọ́ alápatà wá ni mo fún un."

Dókítà fi ọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Bàbá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo wí. Bíi ti ẹja tútù! Màmá mi máa ń ní kí n lọ ra ẹja tútù. A máa ń sè é!"

Làmídì rò ó wò. Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tó ń jẹ ẹja tútù láìsè é. Èyí tí wọn ò yan tí wọn ò sì sá ni à ń pè bẹ́ẹ̀.

Omi ti lé sójú Adébùkọ́lá bó ti ń gún ajá lábẹ́rẹ́. "Ó yẹ kí n sọ Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá mi ò dáa."

"Yorùbá rẹ dáa, ọmọ mi. Èmi ni mi ò béèrè."

Adébùkọ́lá ṣàlàyé fún un pé àwọn kan wà tó ń fún ajá ní ẹran tí wọn ò sè, ṣùgbọ́n ó gba ẹran tó mọ́ tónítóní àti fíríìjì tí kì í kú. "Níbi tí iná ti ń lọ bó ṣe wù ú yìí, ẹ máa sè é, Bàbá. Kò sí iyọ̀, kò sí àlùbọ́sà, kò sí egungun. Bó bá lè jẹun lónìí, yóò yè é."

Bí Làmídì ti gbé ajá mọ́ra délé, ó rò ó pé òun lè ra ìkòkò lọ́jà kí òun sì máa dáná lẹ́yìn ilé láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé kì í ṣe irú ọgbọ́n yẹn náà ló gbé òun débí? Ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Mo ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́," ló wí, "nítorí ìkòkò rẹ." Ó sọ gbogbo rẹ̀.

Ìyá Gbéminíyì gbé ẹ̀wà sílẹ̀. "Ẹ̀rù mi ń bà yín tó bẹ́ẹ̀?"

"Kì í ṣe ìwọ. Ariwo ni."

"Ẹ ò wá rí ohun tí ìdákẹ́jẹ́ fà? Mo ní kò gbọdọ̀ wọ inú ìkòkò mi. Ṣé mo ní kí ajá má ní tirẹ̀ ni?" Ó fa ìkòkò dúdú kan tí kò lọ́wọ́ jáde lẹ́yìn àgbá omi. "Eléyìí ti kúrò ní tèmi. Ẹ fọ̀ ọ́."

Òun fúnra rẹ̀ ló gé ẹran wẹ́wẹ́, tó da ìrẹsì lé e, tó ń fẹ́ná, tó sì ń kìlọ̀ pé òun ò ní fọwọ́ kan orí ajá kankan o. Nígbà tí òórùn oúnjẹ náà dé ẹ̀yìnkùlé, Dúródèmí gbé orí sókè. Làmídì sáré gbé abọ́.

"Ẹ dúró!" ni ìyàwó rẹ̀ kígbe. "Ṣé ẹ fẹ́ bó o lẹ́nu ni? Ẹ jẹ́ kó tutù ná."

Làmídì dúró, abọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀rín gbé e. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti gbé abọ́ náà kalẹ̀.

"Dókítà ò purọ́ nígbà náà," ló wí. "Tútù náà ni yóò jẹ."

Àwọn méjèèjì lóṣòó ti abọ́ náà, wọ́n ń fẹ́ ẹ. Nígbà tó tutù tán, Dúródèmí wọ́ ara rẹ̀ wá, ó lá a lẹ́ẹ̀kan, ó sinmi, ó sì tún lá a.