Ọjọ́ Tí Mo Bọ̀wọ̀ fún Apànìyàn

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ kékeré kan ló kó bá mi, kò sì gùn ju èémí ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Àwa mẹ́fà kan la máa ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ọ̀sán Sátidé, nílé Aunty ní Suwanee, nílẹ̀ òyìnbó níbí. Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nìkan là ń kà, irú èyí tí òkú ti máa ń wà nílẹ̀ ní ojú ewé àkọ́kọ́, tí a ó sì máa wá ẹni tó pa á títí dé ìparí. Ẹni tó bá rí ìwé tó dùn ni yóò dìde, yóò sọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún àwọn tó kù kí ó lè wù wọ́n kà. Kò gbọdọ̀ tú àṣírí apànìyàn. Yorùbá ló sì gbọ́dọ̀ fi sọ ọ́. Aunty ló fi òfin yẹn lélẹ̀. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì kò lè bo ènìyàn láṣìírí; bí ó bá ti ní "he" tàbí "she" báyìí, ìdajì ìwé ti tán. Ṣùgbọ́n "ó" tiwa, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, Ọlọ́run ló mọ̀.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni Aunty ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ bi aláìsàn pé kí lo jẹ, tí aláìsàn ń parọ́ fún un lójoojúmọ́, òǹkọ̀wé wo ló fẹ́ tàn án? A kì í tíì dé orí kẹta tí wọ́n á ti pè mí lórí fóònù. "Dókítà eléyín yẹn ni. Lọ wo ìparí." Mo bá lọ wò ó. Dókítà eléyín náà ni.

Ní Sátidé kan tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n pè mí sí kíṣìnì. Mo rò pé oúnjẹ ni wọ́n fẹ́ dì fún mi.

"Ìtọ̀ ṣúgà ti mú ojú òsì mi lọ," ni wọ́n wí, bí ẹni ń sọ iye tòmátò tó kù nínú fíríìjì. "Ọ̀tún nìkan ni mo fi ń kàwé. Wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lóṣù tó ń bọ̀, dókítà ní òun ò lè ṣèlérí. Àbúrò, wá ìwé kan fún mi. Ẹyọ kan péré. Èyí tí n kò ní mọ ẹni tó ṣe é. Mo fẹ́ kó yà mí lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan kí n tó kógbá wọlé."

Mo di etí síǹkì mú. Ojú tí mo ti ń wò láti ọjọ́ pípẹ́ wá, n kò mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn ti kú.

Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Fairburn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àsìkò break ni mo sì fi ń kàwé. Mo ka mẹ́ta, mo jù wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbà tí mo ka ìkẹrin dé ìparí, mi ò gbọ́ aago tó ní ká padà sẹ́nu iṣẹ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí mo fẹ́ sọ ìparí rẹ̀ fún yín. Ọkùnrin olówó kan kú pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Ènìyàn márùn-ún ló wà nínú ilé: ìyàwó rẹ̀, àbúrò rẹ̀, dírẹ́bà, ọmọbìnrin tó ń se oúnjẹ, àti ìyá ìyàwó rẹ̀, arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ, tí ẹnikẹ́ni kì í wò lẹ́ẹ̀mejì. Arúgbó náà ni. Kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ rárá.

Nígbà tí Sátidé ìpàdé tó tẹ̀lé e pé, mo dìde. Ìyá tó bí bàbá mi ló kọ́ mi ní ìtàn pípa. Wọ́n ní ẹni tó ń pàlọ́ kì í jẹ́ kí ojú òun débi tí ìtàn ń lọ ṣáájú ẹsẹ̀ òun. Mo to àwọn márààrún lẹ́sẹẹsẹ fún wọn, mo wá rọra ń rìn ín. Ẹni náà gba ẹ̀yìn wọlé. Ó da nǹkan sínú tíì. Ó dúró títí olówó fi mu ún. Gbogbo wọn dákẹ́, ohùn mi wá ń dùn mọ́ èmi fúnra mi.

"Kí ọlọ́pàá tó dé," mo ní, "wọ́n ti fọ ife, wọ́n ti nù ún, wọ́n ti gbé e padà síbi tó wà."

Aunty gbé gíláàsì omi wọn sílẹ̀. "Ta ni 'wọ́n'?"

Nínú àwọn márààrún tó wà nínú ilé yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ni ọmọ tí a kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ lè pè ní "wọ́n". Ẹnu mi ti dọ̀bálẹ̀ fún apànìyàn kí n tó mọ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀.

Ọkùnrin apòògùn tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tẹrí ba, èjìká rẹ̀ ń mì. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n kọ́ yín nílé dáadáa."

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa tí wọ́n bí síbí, ọ́fíìsì àwọn tó ń ya fíìmù ní ọ̀nà Fayetteville ló ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, "wọ́n" kò ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ó máa ń pe Aunty pàápàá ní "ó", a sì ti fi í sílẹ̀. Ó ní, "Wait, Uncle. Ṣé àwọn tó pa á, they're many?"

Mo rọ̀ mọ́ ọn bí ẹni tó ń rì sómi. "Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn méjì ni."

Apòògùn gbójú sókè. Mo ń wo kápẹ́ẹ̀tì. Aunty fi ojú kan yẹn wò mí pẹ́.

"Méjì," ni wọ́n wí. "Gbé ìwé wá."

Láti Suwanee dé Fairburn, n kò tan rédíò. Bí wọ́n bá ti mọ̀, mo ti fi ìwé tó lè jẹ́ ìkẹyìn wọn ṣòfò. Bí wọn kò bá sì mọ̀, mo ti parọ́ fún àgbà tí ojú rẹ̀ ku ẹyọ kan.

Ọjọ́ méjìlá, wọn kò pè. Kò sí "lọ wo ìparí". Ó kù ọ̀la kí wọ́n lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, fóònù mi dún ní break. Wọn kò kí mi.

"Ìyá àgbà yẹn dìde lórí kẹ̀kẹ́."

Mo tẹ fóònù mọ́ etí.

"Ó dìde, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí kíṣìnì. Ìwé bọ́ lọ́wọ́ mi, inú àwo ọbẹ̀ ló já sí."

"Ẹ má bínú, ma. Mo rò pé ẹ ti mọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Mo mọ̀. Kí n tó gbé gíláàsì sílẹ̀ ni mo ti mọ̀. O wá ní méjì ni. Mo ní, ọmọ yìí kò parọ́ fún mi rí. Mo bá fi ìyá sílẹ̀, mo ń lé ìyàwó àti dírẹ́bà kiri títí dé ojú ewé tó kẹ́yìn."

Gbólóhùn kan ló ń padà wá sí mi létí: Ọmọ yìí kò parọ́ fún mi rí.

"Irọ́ tí o pa, èmi pẹ̀lú rẹ máa sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn," ni wọ́n wí. "Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí: ẹni tó fi májèlé pa ọkọ ọmọ rẹ̀, kí lo ń bọ̀wọ̀ fún un sí?"

"Ẹni ọgọ́rin ọdún ni wọ́n, ma."

"O tún ti pè é bẹ́ẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á lẹ́nu wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ó yà mí lẹ́nu, àbúrò. O ṣeun."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ojú náà kò kú. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí ojú ènìyàn, ó ń rí mọ́tò tó ń bọ̀. Lẹ́tà inú ìwé ni kò rí mọ́. Nítorí náà èmi ni mò ń kà á fún wọn lórí fóònù báyìí, ní break, mo ń yí i sí Yorùbá bí mo ṣe ń lọ. Wọ́n sì ti fi òfin mìíràn lélẹ̀: gbogbo ẹni tó bá wà nínú ìwé ni kí n máa pè ní "wọ́n", olè àti ọlọ́pàá, ọmọ ọwọ́ àti ajá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá a dé orí keje. Mo kà á pé: "Wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, wọ́n jẹ ẹran orí tábìlì tán, wọ́n sì sùn sórí àga."

Aunty dá mi dúró.

"Ajá ni, àbí mánẹ́jà báńkì?"

Mo ṣí ojú ewé tó kàn.